Ẹ wọn yàrá kẹ́ ẹ tó di ẹrù: ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jápa bọ̀ ní London

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ ti gba físà, tẹ́ ẹ wá ń to ẹrù káàkiri pálọ̀ báyìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró ná. Mi ò ní sọ̀rọ̀ òtútù, mi ò sì ní sọ̀rọ̀ iṣẹ́, gbogbo ayé ló ti sọ ìyẹn fún yín. Ibi tẹ́ ẹ máa kó ẹrù yín sí ni mo fẹ́ sọ, torí kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún èmi, ojú mi sì rí màbo.

Èmi àtìyàwó mi, 2022 la dé. Àpótí mẹ́rin, kílò 23 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ká má tíì ka báàgì ọwọ́. Aṣọ òkè ìgbéyàwó wa wà ńbẹ̀, léèsì bíi mẹ́fà, gèlè méjì tí wọ́n ti wé sílẹ̀ tí ò ṣe é ká, ìkòkò mẹ́ta tó wọnú ara wọn, gàrí, èlùbọ́, àti odó. Bẹ́ẹ̀ ni, odó. Màmá mi ló ní ilé tí ò ní odó kì í ṣe ilé. Odó kékeré ni o, àmọ́ ọmọ odó yẹn ò gbà kó sùn dáadáa nínú àpótí, à ń yí i síbí à ń yí i sọ́hùn-ún títí tó fi já sípù àpótí kan.

Láti Ìbàdàn la ti sanwó yàrá. Fídíò ni éjẹ́ǹtì fi ránṣẹ́, ẹni tó sì ya fídíò yẹn mọ iṣẹ́ ẹ̀, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó na fóònù sókè, yàrá bá fẹ̀ bíi pápá. Ìgbà tá a wá dé Woolwich, àdúgbò tí yàrá yẹn wà ní London, tí mo ṣílẹ̀kùn, ilẹ̀kùn gbá bẹ́ẹ̀dì. Mi ò sọ pé ó sún mọ́ ọn o, ó gbá a ni. Wọ́dúróòbù kan ṣoṣo, tó o bá sì fẹ́ ṣí i wàá kọ́kọ́ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kó o ká ẹsẹ̀ ẹ sókè. A gbé àpótí sí kọ́rídọ̀ ká fi ronú, ká tó mí, ọ̀kan nínú àwọn tá a jọ máa gbélé ti kanlẹ̀kùn pé ẹ ò lè kó ẹrù sọ́nà o. Inú bí mi, àmọ́ kò purọ́, tí iná bá ṣẹlẹ̀ ibẹ̀ náà ni gbogbo yín máa gbà sá jáde. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn àpótí méjì ló bá wa sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, níbi ẹsẹ̀.

Òfin wà o, ẹ má rò pé kò sí. Láti October 2018, ní England, tó bá jẹ́ ilé tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń gbé tó gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ káńsù, yàrá tí àgbà kan máa sùn ò gbọdọ̀ kéré ju square mítà 6.51 lọ, ti àgbà méjì 10.22. Ẹ tún un kà. Mítà mẹ́ta lápá kan, mẹ́ta àti díẹ̀ lápá kejì, tọkọtaya nìyẹn, òfin ti gbà á. Bẹ́ẹ̀dì ẹlẹ́ni méjì tiwọn níbí, mítà 1.35 sí 1.9, á gba ìdá kan nínú mẹ́rin yàrá yẹn kẹ́ ẹ tó gbé bàtà kalẹ̀. Torí náà kẹ́ ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́, ẹ pe àwọn éjẹ́ǹtì lórí fídíò, ẹ ní kí wọ́n fi téèpù wọn yàrá lójú yín, kí wọ́n ṣí wọ́dúróòbù, kí wọ́n ṣí fíríìjì, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n pé pẹpẹ wo ló máa jẹ́ tiyín. Tí wọ́n bá ń bínú, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bínú.

Ẹ ṣáà rántí ọ̀rọ̀ fíríìjì yẹn. Èèyàn márùn-ún ló ń lo ọ̀kan, pẹpẹ kan ló kàn wá, pẹ̀lú dúrọ́ọ̀ kan nínú fírísà tó tó páálí bàtà. Èmi tí mo ti lọ sí Rye Lane ní Peckham lọ ra tàtàṣé àti rodo bí ẹni tó ń ṣe ìnáwó, tá a lọ̀ ọ́, tá a sè é, ọbẹ̀ délẹ̀ tán kò síbi tó máa wọ̀. Ike áísìkiriìmù tá a máa ń lò nílé ò wọnú dúrọ́ọ̀ yẹn. Ìyàwó mi ló wá bu ọbẹ̀ sínú ọ̀rá onísípù, ó tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, nígbà tó dì tán ó tò ó ní ìnàró bí ìwé. Ọbẹ̀ ọjọ́ mẹ́jọ ló wọbẹ̀. Ọgbọ́n ẹ̀ ni o, kì í ṣe tèmi.

Èyí tó dùn mí jù ni aṣọ òkè. A gbé àpò ẹ̀ sẹ́yìn wọ́dúróòbù, wọ́dúróòbù sì lẹ̀ mọ́ ògiri tó kọjú síta. Ní ìgbà òtútù ògiri yẹn máa ń tutù bíi yìnyín, èémí wa, oru omi gbígbóná, aṣọ tá a fọ̀ tá à ń sá sínú yàrá torí kò síbòmíì, gbogbo ẹ̀ ń di omi lára ògiri, afẹ́fẹ́ ò sì ráyè wọ ẹ̀yìn ibẹ̀. Oṣù March tá a fẹ́ lọ síbi ìkómọ, mo fà á jáde, ó ti bu. Àmì dúdú wẹ́wẹ́ látorí fìlà dé ṣòkòtò, ó ń rùn bí ilẹ̀ abẹ́ ìkòkò omi. Mould ni wọ́n ń pè é níbí, ẹ máa gbọ́ orúkọ ẹ̀ dáadáa.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ lọ háyà ibi ìkẹ́rùsí. A ṣe é, fún oṣù méje. Oṣù àkọ́kọ́ owó pọ́ọ́kú ni, tó bá yá owó á gbéra. Ọjọ́ tí mo jókòó ṣírò ẹ̀, owó tí mo fi ń tọ́jú ìkòkò ti ju owó ìkòkò lọ. Ká sì sòótọ́, ìjà tí èmi àtìyàwó mi jà lọ́dún yẹn, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ lórí ẹrù ni, ta ló gbé kiní yìí síbí, ta ló ní ká gbé e wá. Dídànù gan-an lówó lórí, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí káńsù wá kó fóòmù tàbí àga, owó lẹ máa san lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn, tẹ́ ẹ bá sì gbé e sójú títì lóru, fáìnì ni.

Ẹ kó aṣọ ọ̀sẹ̀ méjì wá, ìró àti bùbá kan tàbí méjì, ìwé yín nínú fáìlì kan, ó tó. Gàrí wà ní Peckham. Kóòtù òtútù, ẹ dé ibí kẹ́ ẹ tó rà á, àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ta òkirikà fún àánú kún fún un.

Odó ṣì wà lọ́dọ̀ wa, a ti kúrò ní yàrá yẹn, a ti gba fúláàtì kékeré kan. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la gúnyán ńbẹ̀, ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ gòkè wá kó tó dọ́wọ́ kẹwàá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá màmá mi pè lórí fídíò, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí odó àwọn. Mo yára yọ agbòjò méjèèjì kúrò nínú ẹ̀ kí n tó yí fóònù síbẹ̀.