Ọmọ kíláàsì mi fẹ́ kọ́ tíátà, bàbá rẹ̀ fárígá: ṣé Kọ́lá Oyèwọ̀ ni kí n fi ṣe àpẹẹrẹ fún un?

Tíṣà Ìyàrà: Okun o, ẹ̀yin ará ilé, ọmọ Okun ní Kogi. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi, SS3 ló wà. Nínú eré tí a ṣe ní ìparí táàmù tó kọjá, òun ló ṣe bàbá arúgbó, òun ló ṣe ọlọ́pàá. Nígbà tí ọmọbìnrin tó yẹ kó ṣe ìyá oníyán kò yọjú, òun náà ló tún sáré lọ wé gèlè. Ìyá tó bí i jókòó ní ìlà iwájú, kò dá a mọ̀ títí ó fi tú gèlè. Tíátà ló fẹ́ kọ́ ní yunifásítì. Bàbá rẹ̀ ní òṣèré tí kò bá ti di gbajúmọ̀, ebi ni yóò pa á. Mo wá fẹ́ fi Ọ̀mọ̀wé Kọ́lá Oyèwọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Láti 1964 ni bàbá yẹn ti wà nínú ẹgbẹ́ eléré Oyin Adéjọbí. Ó bá Ọlá Rótìmí ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ òṣèré Orí Olókun ní Ifẹ̀, ó ṣe Ọdẹ́wálé nínú eré The Gods Are Not to Blame, ó ṣe ọba Lápité nínú fíìmù Ṣaworoidẹ ní 1999, ó tún kàwé débi pé ó di olùkọ́ ní yunifásítì. Gbogbo ayé mọ àwọn tó ṣe, ọ̀pọ̀ kò mọ orúkọ rẹ̀. Lójú tèmi, iyì òṣèré nìyẹn. Ọjọ́ Ajé ni bàbá ọmọ náà ń bọ̀ wá bá mi ní ọ́fíìsì. Kí ni kí n sọ fún un?

Ọmọ Mọpà: Lérè Pàímọ́ ni baba gbogbo wọn. Ẹ lọ wo bó ṣe ṣe Ṣọ̀ún Ògúnlọ́lá nínú Ogbórí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́. Ọ̀rọ̀ ti parí.

Dẹ́rẹ́bà Ọbájànà: Ebi yóò pa á lóòótọ́. Bàbá ọmọ náà mọ ohun tó ń sọ. Wẹ́dà ni kó lọ kọ́. Ní ọ̀dọ̀ tiwa níbí, ẹni tó bá mọ irin í jó kì í pẹ́ kó tó ríṣẹ́.

Tíṣà Ìyàrà: Ẹ̀gbọ́n, ọmọ náà kò fẹ́ jó irin.

Dẹ́rẹ́bà Ọbájànà: Èmi náà kò fẹ́ wa tírélà nígbà tí mo wà ní SS3. Ọmọ mẹ́rin ni mo ti fi rán níléèwé báyìí.

Ìyá Alákàrà Kàbà: Tíṣà, ọ̀rọ̀ yín rán mi létí nǹkan. Mi ò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ nígbà tí ẹgbẹ́ eléré kan wá sí Kàbà, tí wọ́n fi ọkọ̀ tí wọ́n kùn yí ìlú ká, tí gbohùngbohùn ń ké. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọkùnrin kan ṣe ọba burúkú débi pé mo sá sábẹ́ ìrọ́ màmá mi. Lẹ́yìn eré, ó wá sídìí agbada wa. Àtíkè ṣì wà létí rẹ̀ ọ̀tún, èédú tó fi kun ìpéǹpéjú ti ń ṣàn bọ̀ wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ní, "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ òru o. Ẹ bá mi di mẹ́fà." Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ẹni ń ki ọmọ tuntun. Mo ń retí kó jágbe mọ́ wa, kò jágbe. Ó fún mi ní ọ̀kan nínú àkàrà tó rà. Títí di òní, mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí bàbá yẹn sọ fún ọmọ rẹ̀ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan.

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì Ìsánlú: Ìyá Alákàrà, ẹ ṣeun. Tíṣà, mo kí yín fún iṣẹ́ yín, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé iyì ni kí ayé mọ Lápité kí wọ́n má mọ Oyèwọ̀. Gbèsè tí àwa òǹwòran jẹ ẹ́ ni. Ẹni tó ti wà lórí ìtàgé láti 1964, bí a bá pàdé rẹ̀ ní páàkì, "Lápité! Lápité!" la ó máa ké. Ṣé orúkọ àìsàn yín lẹ máa ń pe dókítà tó wò yín sàn? Lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ẹ má parọ́ fún bàbá ọmọ. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni Ògúńdé fi sílẹ̀ ní 1946 kó tó gbájú mọ́ eré. Adébáyọ̀ Fálétí ṣiṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ó kọ ìwé, ó túmọ̀ èdè. Oyèwọ̀ kọ́ni ní yunifásítì. Ẹsẹ̀ méjì ni àwọn wọ̀nyí fi dúró. Kí ọmọ lọ kà á ní Ìlọrin tàbí Ifẹ̀, kó gba ìwé ẹ̀rí tó lè fi kọ́ni lọ́la. Ohun tí etí bàbá yóò gbà nìyẹn.

Ọmọ Mọpà: Bàbá, ẹ ní 1964. Lérè Pàímọ́ náà ti ọ̀dọ̀ Oyin Adéjọbí kọjá kó tó lọ bá Dúró Ládípọ̀, 1960 ló sì bẹ̀rẹ̀. Èwo ló ṣáájú nínú 1960 àti 1964? LÉRÈ PÀÍMỌ́ NI Ọ̀GÁ.

Ṣọlá Lọ́kọ́jà: Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe Fálétí ló ṣe Lápité ni?

Ìyá Alákàrà Kàbà: Rárá, ọmọ mi. Fálétí ni Ọ̀pálábá, bàbá tó máa ń powe. Lápité ni ọba Jogbo tó yẹ gbẹ́rẹ́ sílẹ̀ kó lè rí owó ìlú kó jẹ. Bí wọ́n bá lu ìlù ṣaworoidẹ nígbà tí adé wà lórí ọba tí kò sín gbẹ́rẹ́, ẹ̀fọ́rí ni yóò pa á. Mo di orí tèmi náà mú nígbà tí mo wò ó.

Àlàdé Ọjà Kàbà: Kí ẹnikẹ́ni má lu ìlù lónìí o! Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wé gèlè lọ síbi ìgbéyàwó, gèlè yẹn ga ju adé Lápité lọ.

Ṣọlá Lọ́kọ́jà: Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó má jókòó síwájú mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, gèlè ni mo gbọ́ ìwàásù lẹ́nu rẹ̀.

Àlàdé Ọjà Kàbà: Ó ní kí n sọ fún yín pé ẹ tètè máa dé, kí ẹ lè rí iwájú jókòó sí.

Ọmọ Yàgbà Gidi: Ohun kan ni mo fẹ́ bi Tíṣà. Ẹ fi "Okun o" kí wa, ẹ wá ń yin Ọdẹ́wálé àti Lápité. Nínú gbogbo èyí tí àwọn àgbà òṣèré wọ̀nyí ṣe, èwo ló fọ èdè tiwa? Ẹni tó bá ní òun mọ ìparadà, kó wá ṣe ọmọ Okun ká rí i. Ahọ́n rẹ̀ ni yóò tú u fó.

Ọmọ Owé: Òótọ́ lo sọ. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ọ, Kàbà, ìlú àwa Owé, ni kí wọ́n wá.

Ọmọ Yàgbà Gidi: Kàbà kẹ̀? Kí ló dé tí kì í ṣe Ìsánlú tàbí Ẹ̀gbẹ̀?

Ọmọ Owé: Nítorí Kàbà ni orírun. Nígbà òyìnbó, Kabba Province ni wọ́n pe gbogbo agbègbè yìí.

Ọmọ Yàgbà Gidi: Orúkọ tí òyìnbó kọ sára máàpù kò kọ́ ẹnikẹ́ni lédè. Ka ìjọba ìbílẹ̀: Yàgbà East, Yàgbà West, Mopamuro. Mẹ́ta nìyẹn. Ìwọ àti Bùnú lẹ jọ ń pín ọ̀kan ṣoṣo.

Ọmọ Owé: Ṣé iye ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ èdè? Àti pé ìkíni ni Okun, àwa ni a kọ́kọ́ ń kí i.

Ọmọ Yàgbà Gidi: Ta ló wà níbẹ̀ tó gbọ́ ẹni tó kọ́kọ́ kí i? Gbogbo wa la ń kí i: Yàgbà, Owé, Ìjùmú, Bùnú, Òwórò. Má sọ ọ́ di ti bàbá rẹ.

Ọmọ Owé: Má mẹ́nu kan bàbá mi.

Ọmọ Yàgbà Gidi: Mi ò bú bàbá. Àgbà ni bàbá rẹ, mo kí i. Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Abẹ̀kẹ́ Bùnú: Ẹ má fi Bùnú há ẹnu yín bí iyán. Èdè kọ́ ni mo bá wá, aṣọ ni. Ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá ṣe fíìmù nípa wa, tó wá fi dàmáàsìkì sin òkú olóyè, èmi àti olúwarẹ̀ ni. Aṣọ ìpo ni, aṣọ pupa tí àwọn àgbà wa hun. Mo ti fọwọ́ kan ti ìyá ìyá mi: ó nípọn, ó wúwo, tí wọ́n bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, ilé á pa kẹ́kẹ́. Òṣèré tó bá fẹ́ ṣe olóyè wa, kó kọ́kọ́ mọ bí aṣọ yẹn ṣe wúwo tó.

Ọmọ Ògìdì: Tí ọ̀rọ̀ bá kan aṣọ, ẹ bi Ìjùmú. Ògìdì ni wọ́n bí Nike Okundaye sí.

Abẹ̀kẹ́ Bùnú: Àdìrẹ ni ìyẹn mú gbajúmọ̀, àbúrò mi. Aṣọ òkú ni mo ń sọ.

Ọmọ Mọpà: Mo tún ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí ẹ kò gbọ́. 2005 ni Ọbásanjọ́ fún LÉRÈ PÀÍMỌ́ ní MFR, oyè ìjọba àpapọ̀. Ẹ̀DÁ ONÍLÉ ỌLÀ!

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì Ìsánlú: A ti gbọ́, ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó bá ọ jà.

Tíṣà Ìyàrà: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo bẹ̀ yín. Lọ́la Àìkú, ọ̀tunla ni bàbá ọmọ náà ń bọ̀. Ọmọ náà ti fi owó tó rí lórí òkadà ra fọ́ọ̀mù JAMB, kò tíì sọ fún wọn nílé. Kí ni kí n sọ?

Dẹ́rẹ́bà Ọbájànà: Wẹ́dà.

Ìyá Alákàrà Kàbà: Tíṣà, ẹ má sọ ohun púpọ̀. Ẹ pe ọmọ náà wọlé, kó ṣe bàbá arúgbó yẹn lójú bàbá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó rí ohun tí ìyá rẹ̀ rí.

Ọmọ Owé: Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu wo ni yóò fi ṣe é?

Ọmọ Yàgbà Gidi: Ọmọ Ìyàrà ni, Ìjùmú ni yóò sọ. Ohun tí mo ṣáà mọ̀ ni pé kì í ṣe ti Kàbà.