Ọjà títà kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí ò ríṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin oníròyìn, àmọ́ ibi tẹ́ ẹ ti kọ ọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ tó jáde yunifásítì ń tajà torí wọn ò ríṣẹ́ yẹn dùn mí gan-an. Ìdí aṣọ ní ọjà Ouando, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin níbí, ni màmá wa wà títí táwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi kàwé, nígbà tí Nàìjíríà sì ti bodè lọ́dún 2019, àwọn oníbàárà ẹ̀ ló gbé e dúró torí wọ́n mọ̀ pé kì í rẹ́ àwọn jẹ. Èmi náà ń ta iná sólà báyìí ní Àjàṣẹ́ níbí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ìyá kan tó ń ránṣọ fẹ́ ra èyí tó tóbi jù, mo jókòó mo ka gílóòbù ẹ̀, mẹ́ta péré pẹ̀lú fáànù kan, mo ní màmá, kékeré yìí tó yín. Owó tèmi dín kù lóòótọ́, àmọ́ ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tó fi pe aládùúgbò ẹ̀ méjì fún mi. Àwọn tó ń purọ́ tajà wà, wọ́n ń bà wá lórúkọ jẹ́, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n àbúrò mi obìnrin fẹ́ wá bá mi tà, bàbá wa ní kó dúró de iṣẹ́ ìjọba, ó ti ń lọ sọ́dún méjì báyìí, ilé ló ṣì wà.