Ta ló ní ṣọ́jà nìkan ni wọ́n ń tọ́jú ní Ọsibítù 37?

Bí ẹ bá ń gbé ní Accra, tàbí tí ẹ ní ará tó ń ṣòwò níbẹ̀, ẹ ó ti gbọ́ ọ: "Ọsibítù ṣọ́jà ni 37. Bí o kì í bá ṣe ṣọ́jà tàbí ìyàwó ṣọ́jà, má wulẹ̀ dé ẹnu géètì wọn." Bí ẹni ń ka òfin ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún àlejò. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń gbé aláìsàn kọjá níwájú 37, tí wọ́n á forí lé Korle Bu, ọsibítù ìjọba tó tóbi ní Accra, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Irọ́ ni. Ojoojúmọ́ ni ará ìlú ń gbàtọ́jú níbẹ̀. Aboyún ń bímọ níbẹ̀, wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún èèyàn níbẹ̀, ẹni tí ọkọ̀ gbá lójú títì náà ni wọ́n ń sáré gbé wọlé. Ibi tí ìyàtọ̀ wà ni owó: ìjọba ló ń dá sí ti ṣọ́jà àti ará ilé rẹ̀, ará ìlú á fọwọ́ sápò.

Àmọ́ àhesọ yìí ní orírun o. Ọdún 1941 ni wọ́n dá ọsibítù náà sílẹ̀, nígbà ogun Hítílà. Ọ̀gágun George Giffard, tó jẹ́ olórí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ló dá a sílẹ̀ fún àwọn ṣọ́jà tó fara gbọgbẹ́. Lásìkò yẹn, wọ́n ń kó ọmọ Gold Coast (orúkọ Gánà nígbà náà), ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Sàró àti ọmọ Gambia wọṣẹ́ ogun, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì bá ara wọn nínú igbó Bọ́mà. Nọ́ńbà tó kàn án nínú àwọn ọsibítù ológun Gẹ̀ẹ́sì ni 37. Ẹ má wá mẹ́rìndínlógójì yòókù káàkiri Gánà, ẹ ò ní rí i. Nítorí náà, ẹni tó ní ti ṣọ́jà ni ọsibítù yìí kò purọ́, bó bá jẹ́ ọdún 1941 ló ń sọ.

Ogun parí, Gánà gbòmìnira lọ́dún 1957, ìlú sì ń fẹ̀ títí tó fi yí ọsibítù náà ká. Ojú títì ńlá tó ti pápákọ̀ òfurufú Kotoka wọ àárín ìlú ló wà. Ibùdókọ̀ tó wà níbẹ̀ gan-an, 37 ni wọ́n ń pè é, orúkọ yẹn náà sì ni àwọn tó ń gba owó ọkọ̀ nínú tròtró, bọ́ọ̀sì akérò wọn, ń fi ohùn wọn kọ jákèjádò Accra. Ó lè jẹ́ pé inú ọkọ̀ tó ń lọ 37 ni ẹni tó sọ fún yín pé 37 kì í ṣe ti ará ìlú jókòó sí.

Ẹ tún wo ibi tí wọ́n ń sá lọ nígbà tí àjálù bá dé. Ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 2001, Hearts of Oak gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Asante Kotoko ní pápá ìṣeré Accra. Ọlọ́pàá yin tajútajú sáàárín èrò, wọ́n ń sá, wọ́n ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, èèyàn tó lé ní 120 ló sì kú. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2015, omíyalé gba àdúgbò Kwame Nkrumah Circle, ilé epo kan gbaná níbi tí àwọn èèyàn ti sá òjò sí, àwọn tó kú lé ní 150. Nínú méjèèjì, 37 wà lára ibi tí wọ́n kó àwọn tó fara pa àti òkú lọ. Ta ni ṣọ́jà nínú wọn? Olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù, oníṣòwò, ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀.

Ààrẹ John Atta Mills náà, ní 37 ló ti dákẹ́, ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 2012. Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ òfin ni, kò gbé ìbọn rí. (Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní ààrẹ ni olórí gbogbo ológun. Ó dáa, ẹ yọ ti Mills kúrò.)

Ẹ jẹ́ ká mú ti àwọn àdán tó máa ń so rọ̀ lórí igi ní 37, nítorí ìtàn tí àwọn tó ń sọ àhesọ yìí fẹ́ràn jù nìyẹn. Wọ́n ní wọ́n gbé ọba kan wá láti ìgbèríko, àwọn àdán ìlú rẹ̀ tẹ̀lé e, ọba wàjà ní 37, wọ́n sì ń retí rẹ̀ lórí igi títí dòní. Àdán tó ń jẹ èso ni wọ́n, irú èyí tó kún orí igi ní yunifásítì Ifẹ̀ wa, àwọn ìyẹn kò sì tẹ̀lé ọba kankan wá. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n máa ń pọ̀ jù ní Accra. Bí òjò bá dé, ọ̀pọ̀ wọn á forí lé ilẹ̀ ọ̀dàn níbi tí èso wà. Aṣọ̀fọ̀ wo ló ń gba ìsinmi lọ́dọọdún? Ìtàn náà tiẹ̀ tako àhesọ wọn: bó bá jẹ́ ṣọ́jà nìkan ni 37 ń tọ́jú, kí ni ọba wá ṣe níbẹ̀?

Ohun tí èèyàn kì í sábà rò ni pé bí ará ìlú bá dẹ́kun àtiwọ 37, àwọn ológun fúnra wọn ló máa jìyà rẹ̀. Ọ̀dọ́ ni ẹni tó ń wọṣẹ́ ṣọ́jà, wọ́n sì ti yẹ ara rẹ̀ wò láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ kí wọ́n tó gbà á. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà ń yọ lẹ́nu kì í kọjá níbẹ̀. Bó bá jẹ́ irú wọn nìkan ni dókítà ń rí, ibà àti ẹsẹ̀ tó yẹ̀ ni yóò mọ̀ ọ́n wò. Dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ gbọ́dọ̀ rí egungun tó fọ́ yángá, obìnrin tí ọmọ dábùú sí nínú, àgbàlagbà tí rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀, ìkókó tí kò lè mí dáadáa. Ará ìlú ló ń gbé ìyẹn wá.

Ilé ẹ̀kọ́ sì ni 37. Àwọn dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ń ṣe ọdún ìkọ́ṣẹ́ wọn níbẹ̀, àwọn tó ti ń ṣiṣẹ́ tipẹ́ ń lọ síbẹ̀ láti di ọ̀gá nínú iṣẹ́ abẹ àti àwọn ẹ̀ka mìíràn, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí náà wà níbẹ̀. Nínú àwọn dókítà yìí ni wọ́n ti ń yan ẹni tó máa bá ọmọ ogun Gánà lọ sí òkèèrè: Congo lọ́dún 1960, Lẹ́bánónì láti ọdún 1979. Bí ìbọn bá bà yín ní irú ibẹ̀, ẹni tó ti fi òru rán ọgbẹ́ àwọn tí ọkọ̀ gbá ní Accra ni ẹ máa fẹ́ kó tọ́jú yín. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n pín ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun àlàáfíà wọn sí ìpele: ilé ìtọ́jú kékeré inú àgọ́ ni ìkíní, ọsibítù ńlá tó wà lẹ́yìn odi ìlú tí ogun wà ni ìkẹrin. 37 wà ní ìpele kẹrin fún Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ibẹ̀ ni wọ́n sì máa ń fi bàálù gbé àwọn tí ọgbẹ́ wọn le wá láti Liberia, kí iṣẹ́ àlàáfíà wọn níbẹ̀ tó parí lọ́dún 2018. Kì í ṣe Gánà nìkan náà: ọsibítù ṣọ́jà ni Brooke ní San Antonio, ní Amẹ́ríkà, síbẹ̀ ará ìlú tí ọkọ̀ gbá ni wọ́n ń gbé lọ síbẹ̀ tọ̀sán tòru.

Òótọ́ tó wà nínú àhesọ náà kò pọ̀. Ṣọ́jà ló ń ṣọ́ géètì, wọn kì í sì rẹ́rìn-ín púpọ̀. Ẹ ó tò, bẹ́ẹ̀dì sì lè má sí lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀, bó ṣe máa ń rí ní ọsibítù ìjọba yòókù.

Ohun kan náà ni wọ́n ń sọ nílé nípa ọsibítù ológun 68 tó wà ní Yábàá, l'Ékòó. Wọ́n ń gba ará ìlú níbẹ̀ náà. Ẹ wọlé, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì.