Omi tó wà lábẹ́ fíríìjì yín kì í ṣe gáàsì o

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí tipẹ́. Láti Ìjẹ̀bú Òde dé Ṣàgámù, ẹni tó bá ti rí omi lábẹ́ fíríìjì ẹ̀, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé "gáàsì ẹ̀ ti ń jò", wọ́n á pe ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe, ìyẹn náà á ní òótọ́ ni, á gbowó, á rọ gáàsì sí i, tó bá fi máa tó ọjọ́ mélòó kan omi á tún ti wà nílẹ̀.

Gáàsì fíríìjì kì í di omi sílẹ̀ láéláé. Ẹ wo sítíkà tó wà lẹ́yìn tiyín, ẹ ó rí R134a àbí R600a níbẹ̀, orúkọ gáàsì tó wà nínú ẹ̀ nìyẹn. R134a máa ń hó di afẹ́fẹ́ ní nǹkan bíi digírì Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì 26 lábẹ́ òdo, R600a ní nǹkan bíi 12 lábẹ́ òdo, nínú ooru tiwa yìí ńkọ́? Kó tó kanlẹ̀ ló ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Tó bá sì jẹ́ pé gáàsì ló lọ lóòótọ́, fíríìjì ò ní mú nǹkan tutù mọ́. Tí omi mímu yín bá ṣì ń tutù dáadáa, tí omi wá wà nílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀, gáàsì yín wà níbẹ̀ digbí.

Inú afẹ́fẹ́ ni omi yẹn ti wá. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣílẹ̀kùn ni afẹ́fẹ́ gbígbóná ń wọlé, ẹ gbé ìkòkò ọbẹ̀ tó ṣì ń rú èéfín sínú ẹ̀ láì bò ó, ìyẹn tún burú sí i, gbogbo omi inú afẹ́fẹ́ yẹn á lọ di yìnyín mọ́ ògiri ẹ̀yìn nínú lọ́hùn-ún. Tó bá wá yọ́, á ṣàn sínú gọ́tà kékeré kan, á gba ojú ihò kan jáde, á bọ́ sínú tíréè tó wà lórí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ lẹ́yìn, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì káàkiri inú fíríìjì, ooru kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ á sì gbẹ ẹ́. Ihò yẹn ló ń dí.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ní Ìjẹ̀bú Igbó, lẹ́yìn Iléyá, ẹran kún fíríìjì wọn dẹ́nu torí àwọn àlejò tó wá wo Ojúde Ọba, omi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sanwó gáàsì! Ìgbà tí mo débẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi, fíríìjì yìí ti bà jẹ́ o, mo fẹ́ tà á." Mo ní ẹ sinmi ná, mà. Mo yọ ọ́ lára iná, mo fi ṣíríńjì tí ò ní abẹ́rẹ́ fín omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú ihò yẹn léraléra, ohun tó jáde ni ọ̀rá ẹran àgbò tó ti dì mọ́ ewé ẹ̀fọ́. Mo wá ń gbọ́ tí omi ń kán tó tó sínú tíréè lẹ́yìn. Ó parí nìyẹn. Owó yẹn dùn mí ju bó ṣe dun àwọn fúnra wọn lọ, àti pé gáàsì tó bá pọ̀ jù lè ba kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ jẹ́.

Tí ihò ò bá dí, ẹ wo tíréè bóyá ó ti sán. Ẹ fi owó bébà há ẹnu ilẹ̀kùn kẹ́ ẹ tì í, tó bá yọ wọ́ọ́rọ́, rọ́bà ilẹ̀kùn ni, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ ná kẹ́ ẹ tó ní ẹ fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé NẸ́PÀ mú iná lọ láti àná ni, yìnyín ló yọ́ pọ̀ ju ohun tí tíréè lè gbà lọ, kò sí nǹkan tó ṣe é.

Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀bẹ ha yìnyín o! Páìpù tó wà níbẹ̀ fẹ́lẹ́, ìgbà tí ọ̀bẹ bá lu ú ni gáàsì máa wá lọ lóòótọ́. Ibi tí gáàsì wà ti di pa, kì í tán fúnra ẹ̀ bíi ti ìdáná, tó bá dín kù, ó ti lu níbì kan nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ rọ gáàsì láì kọ́kọ́ wá ibi tó ti lu, ẹ ní kó dúró. Tó bá sì jẹ́ R600a ló wà lára sítíkà yẹn, kí ẹnikẹ́ni má ṣáná sítòsí ẹ̀ torí ó máa ń gbiná.