Ọdún 53 lórí ìjókòó kan ṣoṣo

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé ẹni tó bá jókòó sílé aṣòfin ìpínlẹ̀ ò tíì débì kankan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ Oommen Chandy, ará ìpínlẹ̀ Kerala ní Íńdíà. Ọdún 1970 làwọn ará Puthuppally, ẹkùn ìdìbò ẹ̀, kọ́kọ́ dìbò yàn án sílé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà, kò tíì pé ọmọ ọdún 27, àtìgbà yẹn títí tó fi kú lóṣù keje 2023 kò sẹ́ni tó gba ìjókòó náà lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ̀ẹ̀méjìlá ló wọlé léraléra. Ó ṣe mínísítà, ó ṣe olórí ìjọba ìpínlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ kò lọ jókòó sílé aṣòfin gbogbo orílẹ̀-èdè ní Delhi rí.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni bó ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ aráàlú. Nígbà tó ń ṣèjọba láàárín 2011 sí 2016, ó máa ń lọ káàkiri àwọn agbègbè Kerala, èrò á wá tò lọ rẹrẹ, opó tí ò rówó ìrànwọ́ gbà, aláìsàn tí ò lówó ìtọ́jú, ẹni tí ìwé ilẹ̀ ẹ̀ ti há sí ọ́fíìsì látọdúnmọ́dún, àwọn tí ò lè rìn ńkọ́, wọ́n á gbé wọn wá. Orí ìdúró ni bàbá yìí á wà láti àárọ̀ dòru, á gba ìwé lọ́wọ́ oníkálukú, á kà á, á kọ àṣẹ sí i, á fọwọ́ sí i níbẹ̀. Ní 2013 Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fún ètò yẹn lámì ẹ̀yẹ.

Àwọn alátakò ní iṣẹ́ akọ̀wé ìjọba abúlé ló ń ṣe. Òótọ́ ni o, tí ọ́fíìsì bá ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, kí ló fẹ́ gbé opó dé iwájú olórí ìjọba torí owó táṣẹ́rẹ́? Ṣùgbọ́n èmi ò gbà pé kí opó yẹn máa febi dúró di ìgbà tí wọ́n bá tún ọ́fíìsì ṣe. Ẹni tó wà nípò lónìí, tí ọwọ́ ẹ̀ tó o, kó ṣe é lónìí.

Ohun tó dùn mí ni pé ilẹ̀kùn tó ṣí fún tọmọdé tàgbà yẹn náà làwọn oníjìbìtì tó ń fi iná sólà gbowó lọ́wọ́ èèyàn bá wọlé, tí àṣírí wọn tú ní 2013, wọ́n dárúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ẹ̀ mọ́ ọn, ariwo gba ìgboro, wọ́n sọ òkúta lu Chandy gan-an nílùú Kannur ní Kerala. Ìjókòó 72 péré nínú 140 lẹgbẹ́ wọn àtàwọn ẹgbẹ́ tó bá wọn ṣe ní nílé aṣòfin, béèyàn díẹ̀ bá yọwọ́, ìjọba ẹ̀ lè dojú dé, síbẹ̀ ó lo ọdún márààrún pé. Tó bá jẹ́ pé ó mójú tó àwọn tó yí i ká bó ṣe ń mójú tó àwọn tó wá bẹ̀ ẹ́ ni, wàhálà yẹn ì bá má tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó kú, bọ́ọ̀sì tó gbé òkú ẹ̀ kúrò ní Thiruvananthapuram, olú ìlú Kerala, lọ sí Kottayam, agbègbè tí Puthuppally wà, ọ̀nà tí ò ju nǹkan bíi kìlómítà 150 lọ, lò ju wákàtí 24 lọ, torí èrò tó wá dágbére fún un ti dí títì pa, wọn ò sùn.

Chandy Oommen ọmọ ẹ̀ ló gba ìjókòó náà ní September 2023, ó fi ibò 37,719 ju alátakò ẹ̀ lọ, alátakò kan náà tí bàbá ẹ̀ fi 9,044 péré jù ní 2021. Mi ò bínú sọ́mọ náà o, ṣùgbọ́n lójú tèmi bàbá ni wọ́n dìbò fún lọ́jọ́ yẹn. Tiẹ̀ kù sí bó bá ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn èèyàn Puthuppally.