Ẹ wo gọ́tà kí ẹ tó wo ọ̀dà

Èrò ọkàn mi lórí ọ̀nà àdúgbò rèé: kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gba iṣẹ́ títì lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe torí pé ó dúdú, ó sì ń dán. Ọ̀dà ló kẹ́yìn nínú iṣẹ́ náà, òun náà ló sì fẹ́lẹ́ jù. Lórí ọ̀nà àdúgbò, 40 sí 50 mìlímítà ló sábà máa ń jẹ́, kò ju ìbú ìka mẹ́ta lọ. Ohun tó ń gbé ọkọ̀ gan-an wà lábẹ́ rẹ̀, omi ló sì ń ba ohun abẹ́ yẹn jẹ́. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò ò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Bó ṣe rí fún títì náà nìyẹn. Bí a ò bá la ọ̀nà fún omi, ọ̀nà tiwa ni yóò gbà.

Torí náà, gọ́tà ló yẹ kó ṣáájú, nínú ìwé iṣẹ́ àti nínú iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ohun tí mò ń rí kiri ni pé wọ́n á fi gọ́tà sí ìparí, bí owó bá sì ti dín, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ gé kúrò. Ó máa ń dùn mí, torí owó tí wọ́n ní àwọn dá sí níbẹ̀, ìlọ́po rẹ̀ ni wọn yóò fi tún ọ̀nà náà ṣe kó tó pẹ́. John Loudon McAdam, ará Scotland tó tún ọ̀pọ̀ ọ̀nà ṣe ní Bìrìtìkó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19, ti ń tẹnu mọ́ ọn láti ìgbà yẹn pé ilẹ̀ gan-an ló ń gbé ẹrù, àti pé iṣẹ́ ẹni tó ń ṣe ọ̀nà ni láti rí i pé ilẹ̀ náà ò tutù. Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì yí padà.

Àwáwí kan wà tí mi ò gbà rárá, òun ni pé "ọ̀nà àdúgbò lásán ni." Ta ló ń gba ọ̀nà àdúgbò? Típà tó ń kó yanrìn àti búlọ́ọ̀kù lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, ọkọ̀ omi, ọkọ̀ akólẹ̀. Láàárín ọdún 1958 sí 1960, wọ́n fi ọkọ̀ oríṣiríṣi ṣe àyẹ̀wò ńlá kan lórí ọ̀nà tí wọ́n dìídì ṣe nítòsí Ottawa, ní ìpínlẹ̀ Illinois, Amẹ́ríkà. Ohun tó jáde níbẹ̀ ni pé bí ẹrù orí irin tó so táyà méjì pọ̀ bá di ìlọ́po méjì, bíbà tí yóò ba ọ̀nà jẹ́ á tó ìlọ́po 16. Típà kan ṣoṣo lè ba ọ̀nà jẹ́ ju ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ kéékèèké lọ. Ọ̀nà tí ọkọ̀ díẹ̀ ń gbà lójúmọ́ lè fọ́ kí ilé tó pé sí àdúgbò náà, bí wọ́n bá fi ojú ọkọ̀ kéékèèké nìkan wọn ìnípọn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ̀yìn ọ̀nà. Àárín títì gbọ́dọ̀ ga ju etí rẹ̀ méjèèjì lọ kí òjò má bàa dúró. Fún títì ọlọ́dà tàbí kọnkéré, ìdagẹ̀rẹ̀ náà jẹ́ ìdá 2.5 sí 3 nínú 100. Bí títì bá fẹ̀ ní mítà 6, á jẹ́ pé àárín yóò fi 75 sí 90 mìlímítà ga ju etí lọ. Ọ̀nà yangí tí kò ní ọ̀dà nílò jù bẹ́ẹ̀, ìdá 4 sí 6 nínú 100, torí ojú rẹ̀ ò dán, omi kì í tètè sáré kúrò níbẹ̀. Kò ṣòro láti yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ na okùn láti àárín títì sí etí, ẹ fi ohun èlò tí bíríkìlà fi ń wo dídọ́gba ilẹ̀ mú kó tẹ́jú, kí ẹ wá wọn àlàfo tó wà lábẹ́ okùn létí títì. Ẹ ṣe é ní gbogbo mítà 20. Bí ó bá jẹ́ 90 níbìkan tó sì jẹ́ 10 níbòmíràn, ibi tó jẹ́ 10 yẹn ni kòtò yóò ti kọ́kọ́ yọ. Ẹ ṣọ́ etí ọ̀nà pẹ̀lú. Koríko àti ilẹ̀ tí wọ́n bá jẹ́ kó ga ju títì lọ á sé omi mọ́ orí títì, gírédà tàbí ṣọ́bìrì ló ń yanjú rẹ̀, ọ̀dà tuntun kọ́.

Gọ́tà ńkọ́? Ibi tí omi yóò dà sí ni ẹ kọ́kọ́ béèrè. Gọ́tà tí kò ní ibi tó ń dà sí, adágún ló jẹ́, bó ti wù kí kọnkéré rẹ̀ dára tó. Ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí omi ti ń jáde, ló yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ, kí wọ́n máa gòkè bọ̀. Ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní mìlímítà 5 ní mítà kan, ìyẹn ni ìdajì mítà láàárín 100 mítà. Bí omi ò bá sáré tó nǹkan bí 0.6 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, yanrìn tó gbé wá á jókòó sínú rẹ̀, koríko á sì hù lé e lórí. Ìsàlẹ̀ gọ́tà náà yẹ kó fi ó kéré tán 0.75 mítà rẹlẹ̀ ju àárín títì lọ, kí omi tó wà nínú gọ́tà má bàa máa rin abẹ́ títì láti ẹ̀gbẹ́. Níbi tí ilẹ̀ bá ti dà ju ìdá 4 nínú 100 lọ, gọ́tà oníyẹ̀pẹ̀ lásán á di ọ̀gbun, àfi kí wọ́n fi òkúta ṣe ìdènà kéékèèké sínú rẹ̀ léraléra kí eré omi lè dín kù, tàbí kí wọ́n fi kọnkéré ṣe é.

Lórí bí gọ́tà ṣe yẹ kó tóbi tó, ìṣirò wà, kì í ṣe pé kí a máa fojú díwọ̀n. Ẹ mú ìwọ̀n òjò ní mìlímítà fún wákàtí kan, ẹ fi ìwọ̀n ilẹ̀ ní hẹ́kítà sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ tún fi apá tí kò wọlẹ̀ nínú òjò náà sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá fi 360 pín in: èsì rẹ̀ ni iye ẹgbẹ̀rún lítà omi tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ká ní hẹ́kítà 10 ni ilẹ̀ náà, òjò jẹ́ 100 mìlímítà ní wákàtí, ìdá 0.6 rẹ̀ ni kò sì wọlẹ̀: omi tó ń bọ̀ tó lítà 1,670 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Gọ́tà tó fẹ̀ ní 600 mìlímítà tó sì jìn ní 600, tí omi ń sáré nínú rẹ̀ ní mítà 1.5 ní ìṣẹ́jú-àáyá, kò lè gbé ju lítà 540 lọ. Ìyókù á gorí títì wọlé. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni 0.6 yẹn. Nígbà tí koríko bo ilẹ̀ náà, ó lè jẹ́ 0.3. Páànù òrùlé àti àgbàlá oníkọnkéré ló sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ẹni tó bá ya gọ́tà fún igbó tó wà níbẹ̀ lónìí, kò yà á fún àwọn ilé tó ń bọ̀.

Kí n tó kúrò lórí gọ́tà, nǹkan méjì kékeré wà tó ń ba iṣẹ́ rere jẹ́. Àkọ́kọ́ ni ògiri gọ́tà tó ga ju títì lọ láìní ojú ihò: omi orí títì ò ríbi wọ inú gọ́tà tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́. Èkejì ni pé kí wọ́n da kọnkéré bo orí gọ́tà pa. Ìderí rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí èèyàn méjì lè gbé kúrò kí wọ́n lè kó ẹrẹ̀ inú rẹ̀.

Ó di abẹ́ títì. Wọ́n gbọ́dọ̀ kó gbogbo ilẹ̀ dúdú tó ní gbòǹgbò àti ewé jíjẹrà kúrò, torí bó bá jẹrà tán, ó di àlàfo. Lẹ́yìn ìyẹn, ipele ni wọ́n ń tò ó, kí ipele kan má ju 150 mìlímítà lọ lẹ́yìn tí rólà bá ti tẹ̀ ẹ́. Ìwà tó burú jù níbi iṣẹ́ ni kí wọ́n da yangí 400 mìlímítà lẹ́ẹ̀kan, kí rólà wá máa lọ máa bọ̀ lórí rẹ̀. Òkè yóò le bí òkúta, ìsàlẹ̀ á ṣì rọ̀, kò sì sí ojú tó lè rí i. Ilẹ̀ tó gbẹ táútáú ò lè ki, èyí tó tutù jù náà ò lè ki. Ẹ bù ú sọ́wọ́, ẹ fún un: bó bá dì bí òkèlè, tó sì pín sí méjì tàbí mẹ́ta nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, omi rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe wẹ́kú. Bó bá fọ́ bí ìyẹ̀fun, ẹ wọ́n omi sí i. Bó bá fi omi sílẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́, ẹ sá a sílẹ̀.

Ọwọ́ nìkan ò tó ṣá o. Yàrá àyẹ̀wò ni yóò sọ bí ilẹ̀ náà ṣe lè ki tó, kí wọ́n tó wá wọn ti ojú iṣẹ́: ìdá 95 nínú 100 fún ilẹ̀ ìsàlẹ̀, 98 sí 100 fún ipele tó wà lábẹ́ ọ̀dà gan-an. Agbára ilẹ̀ náà tí wọ́n ń pè ní CBR gbọ́dọ̀ tó 30 ní ipele àárín àti 80 ní ipele òkè, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rì í sínú omi fún ọjọ́ mẹ́rin, kì í ṣe nígbà tó gbẹ. Irinṣẹ́ kan tún wà tí èèyàn mẹ́ta lè lò lójú iṣẹ́, DCP: irin kìlógíráàmù 8 tó ń jábọ́ láti 575 mìlímítà sórí ọ̀pá ẹlẹ́nu ṣóńṣó. Wọ́n á ka iye ìgbà tó jábọ́ àti bí ọ̀pá ṣe wọlẹ̀ tó. Ibi tó bá ti wọlẹ̀ wẹ́rẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti yẹ kó hú u kúrò. Ohun tí mo fẹ́ kó di òfin ni pé kí wọ́n má ṣe da ipele kejì lé àkọ́kọ́ títí èsì àkọ́kọ́ yóò fi wà nínú ìwé pẹ̀lú ìfọwọ́sí, kí ará àdúgbò sì lè béèrè ìwé náà.

Ọ̀dà ò pọ̀ lọ́rọ̀. Kí wọ́n gbá eruku kúrò, kí wọ́n fọ́n ọ̀dà olómi sí i, nǹkan bíi lítà kan fún mítà kan níbùú àti lóròó, kí wọ́n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì ó kéré tán. Ọ̀dà gbígbóná yẹ kó wà ní nǹkan bíi 140 dígírì Celsius nígbà tí wọ́n ń tẹ́ ẹ, kí rólà sì parí kó tó lọ sí 80. Wọn kì í tẹ́ ẹ nínú òjò.

Páìpù abẹ́ ọ̀nà, tí a ń pè ní kọ́fátì, ló ń dùn mí jù, torí àṣìṣe ibẹ̀ kì í pẹ́ gé ọ̀nà sí méjì. Ẹ má gba páìpù 300 tàbí 450 mìlímítà. Ó ṣòro láti kó ìdọ̀tí inú rẹ̀. 600 ló kéré jù, 900 ló sì tọ́. Páìpù 900 kan ń gbé omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti páìpù 600 mẹ́ta bí ìdagẹ̀rẹ̀ wọn bá dọ́gba, kì í sì í tètè dí. Kó dà ní ìdá 1 sí 3 nínú 100, kó jókòó lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti gún dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì dí oríkèé rẹ̀ yípo, títí kan abẹ́ tó ṣòro dé. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni wọ́n ń dí bákan náà, ní 150 mìlímítà lẹ́ẹ̀kan, kí ìhà kan má bàa ti páìpù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ilẹ̀ 600 mìlímítà ni kó wà lórí rẹ̀ kí típà tó gbà á. Ògiri ẹnu rẹ̀ àti kọnkéré tí omi ń bọ́ lé níbi tó ti ń jáde kì í ṣe ọ̀ṣọ́: bí kò bá sí wọn, omi á gbẹ́ ìdí páìpù láti ìsàlẹ̀ wá, oríkèé á ṣí, ilẹ̀ títì á sì máa bá omi lọ díẹ̀díẹ̀ títí ihò yóò fi yọ láàárín ọ̀nà.

Afárá kékeré ńkọ́? Ìdí òpó ni kí ẹ wò. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 1987, omi gbẹ́ ilẹ̀ kúrò lábẹ́ òpó afárá Schoharie Creek ní New York, èèyàn 10 sì kú. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta ọdún 2001, afárá Hintze Ribeiro lórí odò Douro ní orílẹ̀-èdè Portugal wó, èèyàn 59 ló bá a lọ. Yanrìn tí wọ́n ti ń wà nínú odò náà fún ọ̀pọ̀ ọdún wà lára ohun tó fà á. Ẹ̀kún omi gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò bí ìpìlẹ̀ yóò ṣe jìn tó, wọn ò sì gbọ́dọ̀ gba ẹnikẹ́ni láyè láti wa yanrìn nítòsí òpó.

Nínú kọnkéré rẹ̀, omi àpọ̀jù ni ọ̀tá. Sìmẹ́ńtì 50 kìlógíráàmù kan kò gbọ́dọ̀ gba ju lítà 25 lọ, pẹ̀lú omi tó ti wà nínú yanrìn tẹ́lẹ̀. Bísíkíìtì, ìyẹn ègé kọnkéré kékeré tí wọ́n fi ń gbé irin kúrò lára pákó, gbọ́dọ̀ nípọn tó 40 sí 50 mìlímítà. Níbi tí wọ́n bá ti da kọnkéré lé ilẹ̀ lásán, kó tó 75. Irin tó bá súnmọ́ ojú á dípẹtà, á wú, á sì já kọnkéré dànù. Ọjọ́ méje ni kí wọ́n fi máa rin ín. Kí wọ́n fi ihò kéékèèké sára ògiri ẹ̀gbẹ́ afárá kí omi ẹ̀yìn rẹ̀ lè jáde, kí wọ́n sì gún ilẹ̀ ẹ̀yìn ògiri náà ní ipele bíi ti títì, torí ibẹ̀ ló máa ń rì tí ọkọ̀ fi ń fò kó tó gun afárá.

Lẹ́yìn tí ẹ̀kún omi bá ti fà, kí alábòójútó mú ọ̀pá gígùn tí wọ́n ti fín mítà sí lára, kó wọn ìsàlẹ̀ odò lẹ́bàá òpó kọ̀ọ̀kan láti orí afárá, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì fi wé ti àtẹ̀yìnwá. Bí ọ̀pá bá ti wọ abẹ́ ìpìlẹ̀ níbìkan, kí wọ́n ti afárá náà pa lọ́jọ́ yẹn gan-an títí ẹnjiníà yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.