Nutella kì í ṣe ẹ̀pà lílọ̀

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn pé kí òbí máa fi Nutella, ohun dídùn oní-kòkó tí wọ́n ń fi pa búrẹ́dì, sí búrẹ́dì ọmọ láràárọ̀, pé èso hazelnut àti mílíìkì ni wọ́n fi ṣe é, kò yàtọ̀ sí ẹ̀pà lílọ̀. Ó yàtọ̀ o.

Òótọ́ ni pé hazelnut wà níbẹ̀. Àmọ́ kí nǹkan wà nínú oúnjẹ kọ́ ló ní kó jẹ́ òun ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ yí ẹ̀yìn ìgò náà, ẹ ka ohun tí wọ́n fi ṣe é. Èyí tó pọ̀ jù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kọ. Ṣúgà ló ṣíwájú, epo ọ̀pẹ tẹ̀ lé e, kí hazelnut tó dé: 13 péré nínú 100. Ṣúgà nìkan lé ní ìdajì.

Lórí ìgò ti Amẹ́ríkà, ṣíbí ńlá méjì ní gíráàmù 19 ṣúgà àfikún. American Heart Association, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ìlera ọkàn ní Amẹ́ríkà, ní kí ti ọmọ ọdún 2 sí 18 má tó gíráàmù 25 lóòjọ́. Kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 má jẹ ṣúgà àfikún rárá.

Kì í ṣe májèlé. Ẹ fún wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹ ṣe ń fún wọn ní bisikíìtì. Tó bá jẹ́ ẹ̀pà lẹ fẹ́, ẹ ra ẹ̀pà lílọ̀ tí kò ní ṣúgà.